Bọ́ọ̀lù Igi Tí N Kò Yí

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti kú nínú ìdílé wa. Mo mọ ọmọ tí oníkálukú wọn bí, mo mọ ìjà tí wọ́n jà, mo sì mọ ẹni tó bá wọn parí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹbí bá lọ́jú pọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń gbé e wá. Àwọn tó ti lọ ni mo mọ̀. Ẹni tó wà láàyè, tó ń jókòó tì mí mu tíì láràárọ̀, òun ni mi ò mọ̀.

Àbúrò mi ni. Ìyá kan náà, bàbá kan náà. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tí àìsàn dá ìyá wa dùbúlẹ̀. Eyín tó kọ́kọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, èjìká mi ló fi dán an wò. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí kì í pariwo, kì í sáré, ohùn rẹ̀ kì í sì í ga ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Iṣẹ́ páìpù èéfín ọkọ̀ ni ọkọ mi ń ṣe. Ó kọ́ Jẹ́jẹ́ níṣẹ́ náà, ó sì kọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí. Èmi tí mo ka ìwé girama yanjú, èmi ni mò ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, èmi ni mo sì ń yí bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bọ́ọ̀lù yìí, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ọkọ mi gbẹ́ àwọn bọ́ọ̀lù igi kan, ọ̀kan ṣoṣo fún ìwọ̀n páìpù kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá jó páìpù pọ̀ tán, kí wọ́n tó dè é mọ́ abẹ́ ọkọ̀, wọn á gbé orí rẹ̀ kan sókè, n ó sì sọ bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. N ó dẹtí. Bó bá yí gbirigbiri gba gbogbo kọ́nà, tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ lódìkejì, páìpù dára. Bó bá há, nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ọkọ mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é.

"Ẹni tó jó irin kò gbọdọ̀ dá ara rẹ̀ láre," ó máa ń wí. "Ìyàwó mi ni adájọ́."

Ó tún ní òfin kejì. Ibi tí irin méjì bá ti pàdé nínú páìpù, kò gbọdọ̀ rí ṣákaṣàka. "Ojú èèyàn kì í débẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín ń débẹ̀. Ẹ fá a kó dán, bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni yóò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́." Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì bá fi í sílẹ̀ gbàgùdù, yóò gé e jù sílẹ̀, yóò ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí. Àwọn alùrinmọ́rin yòókù máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé inú páìpù ni wọ́n ń fá, bí ẹni ń fá irun ẹni tó wọ fìlà.

Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ kú, ó fi ṣọ́ọ̀bù náà lé ọmọ wa lọ́wọ́. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí Jẹ́jẹ́ yóò sọ bà mí. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Èmi ò lọ síbì kankan."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Mo ní Ọlọ́run kò gba ọkọ mi lọ tán pátápátá, ó fi ọmọ ìyá mi sílẹ̀ fún mi.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ọkùnrin kan ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òdìkejì ọ̀nà, ó dojú kọ wá gbọnrangandan. Aláriwo ni mo sọ ọ́. Ìdí páìpù nìkan ló máa ń fẹ̀, yóò fẹ̀ ẹ́ bí ẹnu fèrè, ṣùgbọ́n ọrùn tóóró tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kò ní fọwọ́ kàn án. Ọkọ̀ á máa bú bíi kìnnìún, á máa rìn bí ìgbín. Ẹ máa gbọ́, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Oníbàárà wa wá ń dín kù. Ìgbà mìíràn wà tí ohùn tí mo máa ń gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ kò ju ti ìgbálẹ̀ tí ọmọ mi fi ń gbá eruku irin lọ.

Ìgbà náà ni ọ̀gá àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé òògùn lọ sí àwọn ilé ìwòsàn orí òkè wọlé tọ̀ wá wá. Gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ ló ní tọ́bò, síbẹ̀ bí wọ́n bá ti di ẹrù, wọn kì í lè gun òkè.

"Páìpù èéfín wọn ló há, sà," ni ọmọ mi wí lẹ́yìn tó yọjú sí abẹ́ ọ̀kan. "Tọ́bò dà bíi fáànù. Èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, òun náà á sì máa ti afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni agbára ti ń wá. Ṣùgbọ́n èéfín tó bá ti yí fáànù tán kò níṣẹ́ kankan mọ́. Bí ọ̀nà tó fẹ́ gbà jáde bá há, á dúró síbẹ̀, á máa dí fáànù lọ́wọ́. Tọ́bò á pẹ́ kó tó jí, ẹ́ńjìnnì á gbóná, ọkọ̀ ò ní lè gòkè."

"Wọ́n ní bí páìpù bá fẹ̀ jù, agbára ọkọ̀ á dín kù."

"Ọkọ̀ tí ò ní tọ́bò ni wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ìyẹn máa ń fẹ́ kí èéfín sáré gba ọ̀nà tóóró nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò bá tíì yí kíákíá. Tiyín yìí, láti ẹ̀yìn tọ́bò gan-an ni ká ti fẹ̀ ẹ́ títí dé ìdí. Íǹṣì mẹ́ta ti tó o. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, irin tó wúwo àti ariwo lẹ kàn máa rí."

Mo dá sí i. "Ọkọ mi máa ń sọ pé, ẹni tó bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un kó máa lọ."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni. Ó ní òun yóò fún àwa àti Aláriwo ní ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, irú kan náà, ẹrù kan náà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá gun òkè dáadáa ni yóò máa ṣe gbogbo ọkọ̀ òun.

Gbogbo wa mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá pàdánù iṣẹ́ yìí, a ó ti ilẹ̀kùn tí ọkọ mi ṣí.

Ọmọ mi wọn páìpù, ó gé e, ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ku kó jó wọn pọ̀, irin gbígbóná kan jábọ́ láti orí tábìlì, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbá a mú kó má bàa já lé e lẹ́sẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Nọ́ọ̀sì fi báńdéèjì dì í pinpin, ó ní kò gbọdọ̀ fi di nǹkan mú.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká bẹ ọ̀gá yẹn kó sún un síwájú."

"Kí Aláriwo lè rí wa fi ṣe ẹlẹ́yà? Ṣebí Bọ̀ọ̀dá Jẹ́jẹ́ wà níbí. Jẹ́ kó jó o."

Ó ń fi bàtà tọ́ eruku ilẹ̀.

"Màámi, mo rí Bọ̀ọ̀dá Jẹ́jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Aláriwo. Wọ́n gbé àga fún wọn."

"Ṣé kí wọ́n ní kó jókòó sílẹ̀ ni?"

"Aláriwo kì í gbé àga fún èèyàn. Oníbàárà gan-an ń dúró níbẹ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí! Kí n tó di ìyàwó ilé bàbá rẹ ni mo ti mọ Jẹ́jẹ́. Ẹ̀yìn mi ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Bí o bá tún fi ẹnu kan ọmọ ìyá mi, èmi pẹ̀lú rẹ ni."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ó bọ́ epúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi kọ́, ó sì lọ sílé.

Jẹ́jẹ́ ṣe iṣẹ́ náà ní òun nìkan. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fá irin, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ó ti máa ń ṣe. Nígbà tí mo mú bọ́ọ̀lù íǹṣì mẹ́ta wọlé, mo bá ọkọ̀ lórí jáàkì, páìpù ti wà lábẹ́ rẹ̀, Jẹ́jẹ́ sì ń fún bóòtù tó kẹ́yìn.

"O ò dúró kí n yí i."

"Mo ti yí i, ẹ̀gbọ́n mi." Ó yọ jáde láti abẹ́ ọkọ̀, ó ń nu ọwọ́. "Orúnkún yín yẹn ni mò ń rò. Títí di ìgbà wo lẹ máa máa kúnlẹ̀ fún páìpù? Ẹ jókòó. Mo ti po tíì yín sílẹ̀."

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti dàgbà, ẹ óò mọ bí irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe máa ń dùn. Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sí ẹni tó rántí pé mo ní orúnkún. Mo jókòó. Mo gba tíì. Ó ti bá mi fi ṣúgà sí i bí mo ṣe fẹ́ ẹ, díẹ̀ báyìí, ó sì ti rò ó pọ̀.

Mo dá bọ́ọ̀lù náà padà sínú báàgì mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, gbogbo wa pàdé nísàlẹ̀ òkè, lẹ́bàá afárá. Ọ̀gá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn dírẹ́bà rẹ̀. Aláriwo dé pẹ̀lú èrò tirẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun bí ọkọ ìyàwó.

Ọkọ̀ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó bú débi pé àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Kò sáré, ṣùgbọ́n ó gòkè.

Ó kan tiwa. Dírẹ́bà tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ń dúró kí n gbọ́ súfèé tọ́bò, ìfé tí ọmọ mi ti ní yóò tètè dún. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ náà ń mí gúlegúle bí ẹni tí ọṣẹ kó sí nímú. Ó dé ìdajì òkè, ó ń rọ́, ó ń rọ́, ó dúró. Òórùn irin gbígbóná sọ̀ kalẹ̀ bá wa.

Dírẹ́bà fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ padà wálẹ̀. "Ọ̀gá, kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù wọn gan-an, ó sàn ju báyìí lọ."

Àwọn èèyàn Aláriwo bú sẹ́rìn-ín.

Ìtìjú bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tí ìtìjú bá sì mú máa ń wá ẹni tí yóò dì í rù. Mo yíjú sí ọmọ mi, lójú gbogbo wọn.

"Ṣé o rí i? Ìgbéraga! Íǹṣì mẹ́ta, íǹṣì mẹ́ta! Bàbá rẹ kò jẹ́ ṣe irú èyí láéláé. O ti ba orúkọ òkú jẹ́!"

Jẹ́jẹ́ ló gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú sí i. Ọmọdé ni, ó ṣì ń kọ́ ọ."

Mo ń rántí bí ọwọ́ náà ṣe wúwo tó léjìká mi. Èjìká kan náà tó fi dán eyín wò.

Ọmọ mi rìn lọ sí ìdí ọkọ̀. Ó ní kí dírẹ́bà má paná rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ẹnu páìpù, ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń wo bóyá aláìsàn ṣì ń mí. Lẹ́yìn náà ó dìde.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tú páìpù yìí níbí, lójú yín."

"Rárá!" Jẹ́jẹ́ ni. Gbogbo wa yíjú. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ kí ohùn rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún ohùn rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ṣì gbóná ni mo ní. Ẹ jẹ́ ká gbé e relé ná. Ká má sọ ara wa di ìran níbí."

"A ti di ìran, bọ̀ọ̀dá," ni ọmọ mi wí.

Ọ̀gá gbà á láyè. Wọ́n da omi abẹ́ afárá sí i títí ó fi tutù. Dírẹ́bà bá a tú bóòtù, wọ́n sì gbé páìpù náà jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko níwájú mi.

"Màámi, ẹ yí i."

"Jẹ́jẹ́ ti yí i kó tó dè é."

"Bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n yí, mà?"

Bọ́ọ̀lù íǹṣì mẹ́ta, ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Inú báàgì mi ló wà. Ọwọ́ mi ló wà nígbà tí àbúrò mi ń wo ojú mi, tó ń sọ pé òun ti yí i. Mo di irọ́ náà mú lọ́wọ́ mi, ó rí roboto, mo sì jókòó mu tíì.

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi dún kó, kò sí ẹni tó bá mi rò ó.

Aláriwo ké láti ọ̀nà jíjìn, "Ìyá, ṣé bọ́ọ̀lù lẹ wá gbá ni?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà gbé orí páìpù sókè, mo sọ bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀.

Ó yí. Gbirigbiri, gbirigbiri. Kọ́nà àkọ́kọ́, ó gbà á kọjá.

Kò!

Ó dúró. A mi páìpù. Kò lọ. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró lẹ́bàá afárá.

Ẹnì kan mú ayùn irin wá, wọ́n sì rẹ́ páìpù náà ní ibi tí ohùn ti dún. Ó là. Òrùka irin tó nípọn kan wà níbẹ̀, níbi tí páìpù méjì ti pàdé, ihò àárín rẹ̀ kò ju ibi tí àtàǹpàkò mi méjì lè gbà. Lóde, páìpù fẹ̀ bí ọ̀nà ọba. Nínú, wọ́n ti fún un lọ́rùn.

"Yéè!" ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ta ló ṣe èyí? Ṣọ́ọ̀bù wa kò ní géètì gidi. Ẹnikẹ́ni lè wọlé." Ó ń wo Aláriwo bó ti ń sọ ọ́.

Aláriwo fò sókè. "Èmi kẹ̀? Ẹ má kó mi sí i o! Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fá inú páìpù. Ìta nìkan lèmi máa ń fá!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí n ti ìka bọ inú páìpù. Mo fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ òrùka náà yí po, níbi tí wọ́n ti jó o mọ́ ògiri páìpù.

Ó dán. Kò sí gbàgùdù kankan. Bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni yóò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Àwọn mẹ́ta péré ni mo mọ̀ tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ti kú. Ọ̀kan ni ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Mo gbójú sókè wo ẹnì kẹta.

"Jẹ́jẹ́."

Kò jiyàn. Ó ń wo òrùka náà bí ẹni tó ń wo iṣẹ́ tí kò tì í lójú.

"Ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní jákujàku, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ yín ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Mo ti ń di irin mú fún wọn kí wọ́n tó bí ọmọ yín. Nígbà tí wọ́n kú, ẹ dìde lójú ẹbí, ẹ ka orúkọ gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀bù yẹn, tòkú tàyè. Ẹ dárúkọ ẹni tó ta ilẹ̀. Ẹ dárúkọ ẹni tó gbé pátákó kọ́. Ẹ ò dárúkọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbàgbé ẹnikẹ́ni." Ó tọ́ka sí Aláriwo láìwòkè. "Ọkùnrin yẹn ní òun yóò kọ orúkọ mi sára pátákó."

Òótọ́ ni. N kò dárúkọ rẹ̀. Ó sún mọ́ mi jù, n kò rí i. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi: ṣé kò lè sọ ọ́ fún mi nídìí tíì? Gbogbo àárọ̀ tí a fi jókòó yẹn! Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Aláriwo tí mò ń ṣọ́ láti ojú fèrèsé kò ní ọwọ́ tó lè fi wọ inú páìpù wa. Ọmọ ìyá mi ló yá a ní tirẹ̀.

Ọ̀gá náà gbé ojú kúrò lára Jẹ́jẹ́. Ó sọ fún ọmọ mi pé, "Lọ tún un ṣe bó ṣe yẹ kó rí, kí o padà wá. Ìwọ nìkan ni mo fẹ́ rí níbí."

Ọwọ́ òsì ló fi jó o. Èmi ni mo di páìpù mú fún un, iná ń ta sí mi lára, mo sì kúnlẹ̀ yí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí a padà dé òkè náà, mo gbọ́ súfèé tọ́bò kí ọkọ̀ tó kọjá igi àkọ́kọ́. Dírẹ́bà kò dúró lórí òkè. Ó gba òdìkejì sọ̀ kalẹ̀, ó fọn fèrè ọkọ̀ láti ibẹ̀.

Iṣẹ́ di tiwa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, mo bá Jẹ́jẹ́ lórí àga rẹ̀. Ó ti po tíì méjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, okùn ọmọ ìyá kì í já."

Ọmọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. "Màámi, ẹ̀yin ni adájọ́," ló wí, ó sì padà sídìí irin rẹ̀.

Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn onírin méjì ni tiwa, apá kan la máa ń ṣí. Mo ṣí méjèèjì, mo tì wọ́n mọ́ ògiri.

"Okùn kò já," mo sọ fún un. "Bí wọ́n bá bi mí ní ọmọ tí ìyá mi bí, n ó dárúkọ rẹ. N kò ní fò ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n o ti parí iṣẹ́ rẹ níbí. Máa lọ."

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì sọdá. Wọn kò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó kankan títí di òní. Ojú fèrèsé mi ni mo ti ń rí i. Ìta páìpù ló ń fá báyìí.

Ó ku ọ̀kan. Ojú gbogbo ayé ni mo ti bú ọmọ mi lẹ́bàá afárá. Inú yàrá ni mo ti bẹ̀ ẹ́, àwa méjì péré, mo sì yára sọ ọ́ bí ẹni ń gbé òògùn kíkorò mì. Ó ní kò burú, mà. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ èébú náà kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí ránṣẹ́, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí gbogbo wọn kà á: íǹṣì mẹ́ta ló tọ́. Ọmọ mi ló jàre.